Oríṣi Funfun Mọ́kànlá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé funfun kò ju ọ̀kan lọ, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn bi í bóyá ó ti fi òwú funfun rán aṣọ funfun rí, kí ẹni tó ni aṣọ sì gbé e padà wá pé òwú ọ̀hún ń pariwo lára aṣọ òun. Abẹ́rẹ́ mọ èyí dáadáa. Aránṣọ ni, bàbá rẹ̀ ló sì sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́ láti kékeré, nítorí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Síbẹ̀, kò tíì fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ funfun rí títí di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí ọkùnrin kan wọ inú ṣọ́ọ̀bù wọn, tí kò mú aṣọ lọ́wọ́, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n wọn òun.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni ọkùnrin náà wí. "Àjákù aṣọ ni mo wá tọrọ."

"Àwọ̀ wo?"

"Funfun."

"Funfun wo?" Abẹ́rẹ́ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ṣọ́ọ̀bù kẹrin nìyí láti àárọ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo oríṣi tí ẹ bá ní ni mo fẹ́."

Abẹ́rẹ́ da àpò àjákù sílẹ̀. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà, wọ́n ń tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Ọ̀kan rí bí eyín. Ọ̀kan rí bí iyọ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ̀fun, ó di eérú, bí a bá sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ eérú, ó di wàrà. Nígbà tí wọ́n tò wọ́n tán, mọ́kànlá ni. Abẹ́rẹ́ ti rán aṣọ fún ọdún mẹ́sàn-án nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ń gbá àjákù wọ̀nyí dànù ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ó sì dúró tó ń wo tábìlì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìbátan rẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun ní. Ọkùnrin náà mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dúpẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ẹ ṣé. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé o." Ìgbà mọ́kànlá ló dúpẹ́. Ọ̀gá Abẹ́rẹ́, tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, fi gèlè bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni pé ó ń po ọ̀dà ní ilé ìtajà ọ̀dà títí di ọ̀sán, tó bá sì di ọ̀sán, á padà sí yàrá rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta lọ ya àwòrán. Atẹjúmọ́ ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí wọ́n máa ń bá a níbi tó ti dúró sójú kan, tó tẹjú mọ́ ògiri, tàbí ilẹ̀kùn, tàbí omi tó dárogún sínú kòtò. Àwọn kan ní orí rẹ̀ kò pé. Orí rẹ̀ pé. Ó kàn ń wo nǹkan pẹ́ ju bí àwa tó kù ṣe ń wò ó lọ ni.

Ó padà wá tọrọ àjákù pupa. Ó padà wá tọrọ bọ́tìnnì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, kò rí nǹkan tọrọ mọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mo kàn ní kí n wá kí i yín." Abẹ́rẹ́ ní, "Ṣé ẹ máa wọlé ni, àbí ẹ máa wọlé?" Ọ̀gá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lórí ẹ̀rọ.

Oṣù méjì ni wọ́n fi ń sọ "ẹ" síra wọn. Ọjọ́ tí Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn dé yàrá rẹ̀ ni "ẹ" já sọnù, kò sì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wá a. Yàrá kan ni, fèrèsé ńlá kan, bẹ́ǹṣì kan, àti àwọn àwòrán rẹ̀ lórí aṣọ tó nípọn tí wọ́n nà mọ́ férémù igi, wọ́n fara ti ògiri káàkiri. Lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí orí, kò sí ẹsẹ̀, kò sí igi, kò sí ilé.

"Kí ni mò ń wò?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Kí lo rí?"

"Ká má parọ́, ògiri ni mo rí."

Inú Atẹjúmọ́ dùn débi pé ó jókòó. "Ògiri ni lóòótọ́," ó ní. "Kò tíì sí ẹni tó gbà á."

Ó wá sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún un. Ojú èèyàn ló kọ́kọ́ ń yà. Wọ́n á gbé fọ́tò kékeré wá fún un, á yà á di ńlá, á fi ẹ̀rín díẹ̀ kún un, oníbàárà á sì máa yọ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, òun ló ń jókòó tì í. Lẹ́yìn tí ìyá náà lọ, ó fẹ́ ya ojú rẹ̀. Ó yà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Imú pé, ẹnu pé, ìyá ni kò sí níbẹ̀. Àfìgbà tó di ọjọ́ kan tó rántí ògiri ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń dé ibẹ̀, tí ìyá rẹ̀ á ní, "Wò ó, ó ti dé." Àwọ̀ yẹn ló wá. Ó fi oṣù mẹ́rin wá a. Ọjọ́ tó rí i, ó sunkún, ó dúpẹ́, kò sì ya ojú ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọjọ́ náà.

"Báwo lo ṣe ń mọ̀ pé o ti rí i?"

"Mo máa ń fi ọ̀dà tó ṣàn kùn ún lẹ́ẹ̀kan, kó fẹ́lẹ́, kí tìsàlẹ̀ ṣì hàn. Màá fọ búrọ́ọ̀ṣì, màá jókòó fún wákàtí méjì. Àwọ̀ kò fẹ́ ìkánjú. Tó bá yá, á sọ ohun tó kù fún mi."

"Wákàtí méjì! Bí èmi bá jókòó wo aṣọ fún wákàtí méjì, ọ̀gá mi á ti fi ẹlòmíràn rọ́pò mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n bí Abẹ́rẹ́ ṣe ń lọ sílé, ó ń dúró wo nǹkan lójú ọ̀nà. Ó rí i pé ilẹ̀kùn tí òun ti ń kọjá lójoojúmọ́ ní oríṣi àwọ̀ ewé méjì lára, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan. Ó rí òjìji ara rẹ̀, kò dúdú, àyìnrín ló ń ṣe. Ó bínú sí ọkùnrin náà díẹ̀, pé kò jẹ́ kí òun rí ọ̀nà ilé òun mọ́ bí òun ṣe máa ń rí i. Ó sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló dé yẹn, kò sí orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti bàbá. Ìyá Abẹ́rẹ́ ti kú tipẹ́, bàbá nìkan ló tọ́ ọ, òun ló ń dì í nírun lọ sílé ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun ọ̀hún kì í tó dé ilé ìwé kó tó tú. Abẹ́rẹ́ kò lè fẹ́ ọkọ kankan kó kẹ̀yìn sí irú bàbá bẹ́ẹ̀. Bàbá Onípátákó ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Ogójì ọdún ló ti ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù, lẹ́tà rẹ̀ sì máa ń dúró ṣánṣán bíi sójà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Alágbàfọ̀, tí ń fọ aṣọ fún ìdajì ìlú, ló gbà láti ṣe alárinà. "Fi í sílẹ̀ fún mi," ó ní. "Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìrìn."

Wọ́n mú Atẹjúmọ́ lọ sí ilé bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí wọn dáadáa, ó gbé àwòrán kan lọ́wọ́, èyí tó ti ń yà láti ọjọ́ àjákù mọ́kànlá. Ó ti fi oṣù mẹ́fà yà á fún Abẹ́rẹ́. Ara bàbá yá gágá. Pátákó ilé búrẹ́dì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn tán, ilẹ̀ rẹ̀ funfun, kò tíì kọ lẹ́tà sí i. Ó fà á jáde sí oòrùn.

"Ìwọ náà ń po ọ̀dà, àbí? Wo funfun yìí fún mi. Kí lo rí?"

Atẹjúmọ́ wò ó. Abẹ́rẹ́ ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀: Sọ pé ó dára. Ó ṣì ń wò ó. Ìyá Alágbàfọ̀ húkọ́. Ó ṣì ń wò ó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ fẹ́ kí búlúù wà nínú rẹ̀ ni?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Búlúù wo?"

"Eléyìí, sà. Ó fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó..."

"Funfun ni!" Bàbá ti dìde. "Mo ti ń po funfun kí ìyá rẹ tó lóyún rẹ! Kí lo gbé lọ́wọ́ yẹn? Gbé e wá." Ó gba àwòrán náà, ó nà án jìnnà, ó fà á mọ́ra, ó yí i wo ẹ̀yìn. "Níbo ni wọ́n ya nǹkan sí? Mi ò rí nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀! Àkísà tó ti pọ́n ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ máa bá wa fọ̀ ọ́?"

"Bàbá," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Má bàbá mi! Ẹni tó ń ya òfìfo ló fẹ́ wá fi funfun hàn mí. Ẹni tó ń fojú ẹ̀gàn wo iṣẹ́ mi kò ní gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Mo ti sọ ọ́, ó parí."

Atẹjúmọ́ tún dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó lọ. Ìtìjú kò jẹ́ kó rántí gbé àwòrán náà. Bàbá kò jù ú nù, nítorí kì í ju iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni nù, ó kàn kọjú rẹ̀ sí ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Abẹ́rẹ́ kò fi gun àtẹ̀gùn yẹn. Ó ń rán aṣọ, ó ń tú u, ó ń tún un rán. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi òwú tí kò bá aṣọ mu rán an. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ bá a, kò sì kí i kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o kò lè parọ́ kékeré kan nítorí mi ni? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! 'Ó dára, sà.' Èèyàn ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọbẹ̀ tó kún fún iyọ̀!"

"Mo fẹ́ sọ ọ́," ó ní. Ó ti rù. "Mo ti la ẹnu tán. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

Ó ní kó jọ̀ọ́ bá òun rìn. Wọ́n rìn káàkiri ìlú ní ọ̀sán yẹn, ó ń fi pátákó bàbá hàn án, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, bí ọdún wọn ṣe tẹ̀léra, nítorí bàbá máa ń kọ ọdún tó ṣe é sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní kékeré. Ti alátùn-únṣe aago, ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn: funfun bíi iyọ̀. Ti onígbàjámọ̀, ọdún márùn-ún: ìkán búlúù ti wà níbẹ̀. Ti oníbàtà, ọdún méjì: ó ti hàn. Ti ilé búrẹ́dì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ́, rí bí ojú ọ̀run àárọ̀.

"Ọwọ́ wọn kò gbọ̀n," Atẹjúmọ́ ní. "Wo lẹ́tà yẹn. Ọwọ́ wọn pé. Ojú wọn ló ń sọ fún wọn pé funfun ń pọ́n, ni wọ́n ṣe ń fi búlúù kún un láti tún un ṣe. Abẹ́rẹ́, mo rò pé nǹkan kan ń bo bàbá lójú. Mi ò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú wọn lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ ọmọ."

Abẹ́rẹ́ dúró gbagidi láàárín ọ̀nà. Ẹ̀wù ló rántí. Láti bí ọdún méjì ni bàbá ti ń dá ẹ̀wù funfun padà fún Ìyá Alágbàfọ̀ pé kò mọ́, pé ó pọ́n. Gbogbo ilé rò pé àgbà ló ń ṣe é. Ó di ọwọ́ Atẹjúmọ́ mú, ó fà á, wọ́n sì lọ tààrà sí ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ.

Ìyá Alágbàfọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó jókòó sórí ike ìfọṣọ tó dojú dé. "Yé!" ó ní. "Èmi ni mo tún ń bá a dá kún un! Gbogbo alágbàfọ̀ ló ń fi búlúù sómi kí funfun lè tàn, ìkán kan péré ni. Àbúrò mi ní kò tó, mo fi kún un. Ó ní kò tó, mo tún fi kún un. Ẹ̀wù rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti ọlọ́pàá, mo kàn ń dákẹ́ kó lè jẹ́ kí n sinmi!"

Ó fọ áńkáṣíìfù méjì. Ọ̀kan kò rí búlúù rárá, ó sì ti ẹ̀kejì bọ inú rẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ wọn síwájú àbúrò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀.

"Èwo ló funfun?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tún gbé dé?" Bàbá fi ìka tọ́ ọ̀kan. "Èyí ni. Ìkejì yẹn ti pọ́n. Ẹ ṣeun, ẹ ti ń mọ aṣọ fọ̀."

Búlúù ló fọwọ́ kàn. Bàbá wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ti ọmọ rẹ̀, ojú ní í sọ ọ̀rọ̀ kí ẹnu tó sọ ọ́. Ó mú áńkáṣíìfù méjèèjì, ó gbé wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Ọmọkùnrin yẹn," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ó rí i."

"Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Múra, ká lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Dókítà ojú ní kò le, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń dán nínú ẹyinjú bàbá ló ti ṣú bíi gíláàsì tí èéfín bò. Ó ní àwọn á ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún, lẹ́yìn oṣù kan àwọn á ṣe òsì, àti pé ká ní wọ́n pẹ́ sí i ni, ojú méjèèjì ìbá ti dí. Nígbà tí bàbá gbọ́ ìyẹn, ó fi ọwọ́ kan èjìká ọmọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, ohun àkọ́kọ́ tí bàbá rí ni apá ẹ̀wù ara rẹ̀. Ó dijú ọ̀tún, ó wò ó. Ó la ọ̀tún, ó di òsì, ó tún wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ta ló wọ aṣọ ọlọ́pàá fún mi?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín débi tí ó fi jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọjá níwájú ilé búrẹ́dì, bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lábẹ́ pátákó rẹ̀, ó ń di ojú kan, ó ń la ojú kan, omi sì ń jáde lójú tuntun náà. "Ó sọ òtítọ́ fún mi," ó ní, "mo sì lé e bí ẹni lé ajá."

Nígbà tí wọ́n délé, kò jókòó. Ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé àwòrán náà, ó gbé e sórí àga lójú fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Abẹ́rẹ́ gbé omi fún un, kò mu ún. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ránṣẹ́ sí i."

Atẹjúmọ́ dé, ìbẹ̀rù sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Ó ti ń lọ sílẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ nígbà tí bàbá gbá a mú lápá.

"Dìde. Mo fẹ́ kí o mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò parọ́ mọ́ ọ. Mi ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ lóòótọ́." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún. "Bí mo bá wò ó báyìí, àkísà ni. Ìkan náà ni látòkè délẹ̀." Ó ṣí ọwọ́, ó fi bo òsì. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Bí mo bá wò ó báyìí... ó pọ̀ níbẹ̀. Funfun kan ń jáde lára funfun kan. Mo ti kà á. Mọ́kànlá ni, àbí mo ṣì í kà?"

"Ẹ ò ṣì í kà, sà," ni Atẹjúmọ́ wí.

"Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo dúpẹ́, ọmọ mi. Mo dúpẹ́." Ó kọjú sí ìdí ògiri níbi tí agolo ọ̀dà rẹ̀ wà, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì tó dára jù lọ nínú èyí tó ní, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó sì nà án sí i. "Pátákó oníbúrẹ́dì ń dójú tì mí. Wá bá mi po funfun."

Ìyá Alágbàfọ̀ fi ìgbòǹwọ́ gbún Abẹ́rẹ́ níhà. "Ó ti fi ọ́ fún un," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn." Ẹkún ti gba ojú Abẹ́rẹ́, kò sì nù ún.

Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó náà bọ́ sí àárín iṣẹ́ abẹ méjèèjì, dókítà ti fẹ́ ṣe ojú òsì ṣáájú rẹ̀, bàbá ló ní kó dúró díẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ jáde láti inú yàrá, gbogbo èèyàn dìde. Bàbá fi ọwọ́ bo ojú tuntun, ó fi àtijọ́ wò ó, bó ṣe ti ń rí i láti ọdún wọ̀nyí, ọmọ òun nínú aṣọ tó pọ́n. Ó wá ṣí ọwọ́, ó fi bo àtijọ́. Ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Funfun ni," ó ní.

Gbogbo wọn yíjú sí ọkọ ìyàwó. Atẹjúmọ́ ń wo aṣọ náà. Ó ń wò ó. Ó ṣì ń wò ó.

"Olúwa mi, ó ti tún bẹ̀rẹ̀," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí.

"Funfun ni, bàbá," ni Atẹjúmọ́ dáhùn, omi lójú rẹ̀. "Èyí ló ṣe ìkejìlá. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé o."